Òòfà àti Ìmọ́lẹ̀ Pé Ọgọ́sàn-án Ọdún: Ẹ Bá Wa Yọ̀!

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó pé 180 ọdún géérégé tí Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, fi òòfà mú kí ìmọ́lẹ̀ yíjú nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Royal Institution, nílùú London. Ọgọ́sàn-án ọdún! Àwa olùkọ́ físíìsì, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, àwa onímọ̀ ẹ̀rọ, àwa ìyá àti bàbá tí a ń fi fóònù rí ojú ọmọ wa lókè òkun, àwa tí a kàn fẹ́ràn láti máa gbọ́ bí ayé ṣe ń ṣiṣẹ́: gbogbo wa la jáde wá dáwọ̀ọ́ ìdùnnú lónìí.

Ayọ̀ náà kò tilẹ̀ dá wá. Ọdún 2025 kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù. Ọdún náà ló pé 100 ọdún tí a ti mọ̀ pé ẹ́lẹ́kítírónì ní ìyípo tirẹ̀, ìmọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ àti òòfà jọ bí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹtàlá náà sì ṣe ń ṣú ni ayẹyẹ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, nítorí ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó pé ọdún 10 tí wọ́n gbọ́ ìró ìkọlù ńlá kan láti ọ̀run jíjìn, tí ẹ̀rọ Faraday sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. A óò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí baba ọlọ́jọ́.

Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ! Wọ́n bí i ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ìdìwé lọ́dọ̀ George Riebau ní London, ìwé tí àwọn oníbàárà bá sì gbé wá fún dídì, kíkà ló ń kà wọ́n. Ní 1813, Humphry Davy gbà á sí Royal Institution kó máa ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di 1831, ọmọ-iṣẹ́ ti di ọ̀gá: ó ti fi òòfà pe iná mànàmáná jáde nínú wáyà, àwárí tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ayé dúró lé lórí. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún ní ẹ̀yìnkùlé yín wà nínú rẹ̀! Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó máa jẹ adùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Faraday kò jókòó. Ó dá a lójú pé iná mànàmáná, òòfà àti ìmọ́lẹ̀ kò lè jẹ́ àjèjì sí ara wọn. Ó ní ibìkan ni wọ́n ti pàdé. Ó ku kí ó rí ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1845, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọdún 21, William Thomson ní orúkọ, kọ lẹ́tà sí i. Ó béèrè bóyá iná mànàmáná lè ṣe nǹkan kan sí ìmọ́lẹ̀ tó bá ń gba inú ohun tó mọ́ gaara kọjá. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ọmọdé lè jí àgbà sí iṣẹ́! Thomson yìí náà ni ayé wá mọ̀ sí Lord Kelvin lẹ́yìn ọ̀la. A kí òun náà kú iṣẹ́. Kíá ni Faraday gbé ọwọ́ lé e. Ó fi iná mànàmáná dán an wò, kò rí ohun tó ń wá. Ló bá gbé òòfà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó lè yé tọmọdé tàgbà. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, bó sì ṣe ń sáré lọ, ó ń mì. Nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, gbogbo ìhà ni mímì náà ń gbà: sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, àti gbogbo ìdagun tó wà láàárín wọn. Àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá ta lára ojú gíláàsì ní ìwọ̀n tó yẹ, èyí tó ń mì sí ìhà kan ṣoṣo ló ń ta padà. Oríṣi kírísítálì kan sì wà tí a lè fi wo ìhà tí ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mì sí: yí kírísítálì náà díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa rẹ̀ sílẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi ṣókùnkùn.

Ohun tí Faraday ṣe nìyẹn. Ó mú ìmọ́lẹ̀ àtùpà ta lára gíláàsì, ó yí kírísítálì rẹ̀ títí òkùnkùn fi bolẹ̀, ó wá ń fi oríṣiríṣi nǹkan sáàárín wọn lẹ́bàá òòfà alágbára tí iná mànàmáná ń bọ́. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló dáhùn. Gíláàsì ojoojúmọ́ kọ́ ló dáhùn. Ó gbé kírísítálì lóríṣiríṣi síbẹ̀, pàbó. Nígbà náà ló rántí ègé gíláàsì olójé kan tó wúwo, tí òun fúnra rẹ̀ ti yọ́ nínú iná ní àwọn ọdún 1820, nígbà tí wọ́n ní kó wá gíláàsì tó dára sí i fún awò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gíláàsì yìí ti wà nílẹ̀ láìrí iṣẹ́ ńlá ṣe. Ọjọ́ ògo rẹ̀ ló dé yìí! Faraday tan òòfà, ìmọ́lẹ̀ yọ nínú òkùnkùn. Ó pa òòfà, òkùnkùn padà. Ó tún un tan, ìmọ́lẹ̀ tún yọ!

Òòfà ti yí ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń mì sí. Ìyẹn ni a ń pè ní ìyíjú Faraday títí dòní. Faraday kò sì fi mọ ní kíkígbe ayọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó ti mọ òfin rẹ̀. Agbára òòfà gbọ́dọ̀ na ara rẹ̀ sí ọ̀nà kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Bí òòfà bá ṣe lágbára tó, bí gíláàsì bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyíjú náà ń pọ̀ tó. Tí o bá pa orí òòfà dà, ìyíjú náà á gba òdìkejì. Nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá, gíláàsì wúwo yẹn kan náà tún fi hàn án pé òòfà máa ń ti àwọn nǹkan kan dànù dípò kó fà wọ́n. Àwárí ńlá méjì láàárín oṣù méjì, láti ọwọ́ ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wò bí àgbà! Ẹ kú ọwọ́ lómi o, baba!

Kí ni èyí ṣe fún ayé? Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rí wà lójú téńté pé ìmọ́lẹ̀ àti òòfà bá ara wọn tan. James Clerk Maxwell gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìṣirò ní àwọn ọdún 1860, ohun tó sì bá jáde ni pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbì iná mànàmáná àti òòfà tí wọ́n so kọ́ra. Rédíò, rédà, tẹlifíṣọ̀n, fóònù alágbèéká: ẹ ka gbogbo wọn mọ́ àwọn ọmọ tó ti ara rẹ̀ wá.

Ẹ wá bá wa kọjá lọ sí ilẹ̀ Netherlands, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ka kejì igi yìí ti so èso. Ní 1862, Faraday, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbé ọwọ́ iná sáàárín òòfà, ó ń wò ó bóyá àwọn ìlà àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á yí padà. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò tíì mú tó láti rí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kú! Ó wà nínú ìwé, ó ń dúró de ẹni tó ni í. Ní 1896, ní Leiden, Pieter Zeeman, ẹni ọdún 31, kà nípa rẹ̀. Ó ní bí Faraday bá rí i pé nǹkan yìí yẹ ní wíwò, ó yẹ kí a fi irinṣẹ́ ìgbà tuntun tún un wò. Ìtẹríba fún àgbà nìyẹn, ìgboyà ọ̀dọ́ sì nìyẹn!

Zeeman fi iyọ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ gan-an, sínú ọwọ́ iná. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ máa ń fún iná ní àwọ̀ ìyeyè, tí a bá sì tú àwọ̀ náà palẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló máa ń yọ. Ohun tó fi tú u palẹ̀ ni dígí tí Henry Rowland ṣe ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fín ìlà tó lé ní 14,000 sí láàárín ínṣì kan. Ó tan òòfà. Ìlà méjèèjì fẹ̀! Ó pa á, wọ́n padà sí tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1896, wọ́n ka ìròyìn rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Amsterdam. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, Hendrik Lorentz ti ránṣẹ́ pe Zeeman, ó ti ní àlàyé lọ́wọ́: nínú átọ́ọ̀mù, ohun kékeré kan wà tó ní iná mànàmáná lára, tó ń gbọ̀n, tó sì ń bí ìmọ́lẹ̀, òòfà ló ń darí gbígbọ̀n rẹ̀. Ó sọ bí ìmọ́lẹ̀ etí àwọn ìlà náà á ṣe máa mì, Zeeman lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló bá a.

Ẹ dúró gbọ́ ibi tó dùn jù. Láti ara fífẹ̀ ìlà yẹn, wọ́n ṣírò bí ohun kékeré náà ṣe fúyẹ́ tó, wọ́n sì rí i pé ó fúyẹ́ ju átọ́ọ̀mù háídírójìn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́lẹ́kítírónì nìyẹn! Ọdún tó tẹ̀ lé e ni J. J. Thomson kéde iṣẹ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀ ní Cambridge. Ìmọ́lẹ̀ iyọ̀ ti jẹ́rìí sí i ṣáájú. Ní 1902, Lorentz àti Zeeman jọ gba Ẹ̀bun Nobel fún físíìsì, ẹ̀ẹ̀kejì péré tí wọ́n máa fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bun náà. Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn ìlà kan pín ju bí àlàyé Lorentz ti wí lọ, ọ̀rọ̀ náà sì fún àwọn ọlọ́pọlọ pípé ní iṣẹ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, George Uhlenbeck àti Samuel Goudsmit, fi sọ ní 1925, ní Leiden kan náà, pé ẹ́lẹ́kítírónì ní ìyípo tirẹ̀. Leiden, ìlú amúnilóríire, ẹ kú orí ire méjì!

Bí a bá ní ká yan ohun kan tí a fi ń gbé òòfà àti ìmọ́lẹ̀ gẹ̀gẹ̀ jù, ohun náà nìyí: àmì tí òòfà bá fi sára ìmọ́lẹ̀ kì í ṣí kúrò bí ọ̀nà ti wù kó jìn tó. Ìmọ́lẹ̀ á gbé e rin, á gbé e dé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á sì kà á. Ta ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ wọn òòfà lójú oòrùn? Oòrùn jìnnà sí wa ní nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà, iná rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sún mọ́. George Ellery Hale kò lọ síbẹ̀. Ní 1908, lórí òkè Mount Wilson ní California, ó fi awò orí ilé ìṣọ́ gíga wo àwọn àbàwọ́n dúdú tó máa ń yọ lójú oòrùn, ó tú ìmọ́lẹ̀ wọn palẹ̀, ó rí i pé àwọn ìlà náà ti pín gẹ́gẹ́ bí Zeeman ṣe fi hàn. Òòfà ló wà níbẹ̀! Òòfà tó lágbára ju ti ilẹ̀ ayé wa lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ ènìyàn máa mọ̀ dájú pé òòfà wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ilẹ̀ ayé.

Láti ìgbà náà wá, à ń ka oòrùn lójoojúmọ́. Láti 2010 ni sátẹ́láìtì SDO ti Amẹ́ríkà ti wà lókè, tó ń fi ìlà ìmọ́lẹ̀ irin ya àwòrán òòfà ojú oòrùn lọ́sàn-án lóru. Lórí òkè Haleakalā ní Hawaii, awò Inouye, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 4, ni ó tóbi jù nínú gbogbo awò tí wọ́n fi ń wo oòrùn láyé. Iṣẹ́ yìí ń gba ènìyàn là ní ti gidi. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì òòfà láti ọ̀dọ̀ oòrùn pa iná agbègbè Quebec ní Kánádà fún nǹkan bí wákàtí 9, mílíọ̀nù 6 ènìyàn ló wà nínú òkùnkùn. Lónìí, àwọn tó ń ṣọ́ ojú oòrùn ń rí ibi tí òòfà ti ń dì kókó, wọ́n sì ń ta àwọn onísátẹ́láìtì àti àwọn oníná lólobó. Ẹ̀yin olùṣọ́ oòrùn, ẹ kú ojú lọ́nà!

Ìràwọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ní 1947, Horace Babcock ka àmì Zeeman lára ìràwọ̀ 78 Virginis. Ní 1962, ní Parkes ní Ọsirélíà, wọ́n rí ìyíjú Faraday lára ìgbì rédíò tó ti inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Centaurus A wá, láti ìgbà náà sì ni a ti ń fi ìyíjú yìí ya àwòrán òòfà tó na ara rẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀, òòfà tí agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ti ilẹ̀ ayé. Ẹ ronú rẹ̀ wò! Ní 2021, àwọn tó ya àwòrán ihò dúdú inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M87 tún ka ìhà tí ìmọ́lẹ̀ etí rẹ̀ ń mì sí, wọ́n sì rí bí òòfà ṣe tò yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ náà ti rin nǹkan bí mílíọ̀nù 55 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àmì òòfà ṣì wà lára rẹ̀.

Ilé wa náà ní ìpín nínú oríire yìí. Ìlà àárín òòfà ilẹ̀ ayé gba òkè Nàìjíríà kọjá, ìyẹn sì sọ ilẹ̀ wa di ibi pàtàkì fún àwọn tó ń kọ́ nípa ojú ọ̀run. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìgbì rédíò, àbúrò ìmọ́lẹ̀, sókè láti University College, Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń wo èyí tó padà wálẹ̀. Òòfà ilẹ̀ ayé máa ń pín ìgbì náà sí méjì lókè lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á rí ìlà méjì nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Cyril Agodi Onwumechili, tó di Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1979, wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò lè parẹ́ nínú ìmọ̀ òòfà ilẹ̀ ayé àti odò iná mànàmáná tó ń ṣàn lókè ìlà àárín yìí. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ayẹyẹ yìí tiyín ni!

Ó ku ọ̀rọ̀ fóònù. Nígbà tí ìyá kan ní Ìbàdàn bá ń wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní London lórí WhatsApp, ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń gbé ẹ̀rín wọn gba inú okùn gíláàsì tó wà lábẹ́ òkun. MainOne dé Èkó láti Portugal ní 2010. Equiano gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ó sì dé Èkó ní oṣù Kẹrin. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti rin nǹkan bí 60 sí 100 kìlómítà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ abẹ́ òkun á sì tún fún un lágbára. Ewu kan wà níbẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá ta padà sẹ́yìn wọ inú lésà tàbí inú ẹ̀rọ náà, á da iṣẹ́ rú. Ta ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà? Faraday ni!

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe é, nítorí ó rẹwà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ gba ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ wọlé, òòfà inú ibẹ̀ yí i ní 45 dígírì, ẹnu ọ̀nà kejì sì ti dagun láti gbà á. Ó kọjá ní tirẹ̀. Èyí tó bá ta padà ńkọ́? Gbogbo ọgbọ́n tí à ń dá láìsí òòfà, bí ìmọ́lẹ̀ bá padà gba ọ̀nà tó gbà lọ, ìyíjú rẹ̀ á tú. Òòfà kì í tú tirẹ̀. Ó tún yí i ní 45 mìíràn sí apá kan náà, ó di 90 dígírì, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ sì ti pa mọ́ ọn lójú. Ó lè jáde, kò lè padà wọlé, bí aṣọ́bodè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́! Faraday fúnra rẹ̀ ti rí ìwà yìí ní ọdún kejì àwárí rẹ̀, nígbà tó fi dígí dá ìmọ́lẹ̀ padà gba inú gíláàsì léraléra tí ìyíjú náà sì ń pọ̀ sí i. Kò sí lésà nígbà náà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìwà tí wọ́n nílò ti wà ní àkọsílẹ̀.

Ìdí tí a fi ní ayẹyẹ náà di méjì nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí àwárí Faraday pé 170 ọdún, àwọn ẹ̀rọ LIGO méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Hanford, èkejì ní Livingston, tí apá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ní kìlómítà 4, gba ìgbì agbára òòfà-ilẹ̀ (gravitational wave, tó yàtọ̀ sí òòfà tí à ń sọ) láti ibi tí ihò dúdú méjì ti kọlu ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ lésà tí wọ́n fi wọn gbígbọ̀n tín-ín-tín yẹn kò gbọdọ̀ ní ìdàrúdàpọ̀ kankan. Ẹ̀rọ Faraday wà níbẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ tó padà má baà da lésà láàmú. Ẹ̀bun Nobel tẹ̀ lé e ní 2017. Ọdún mẹ́wàá rèé, ẹ kú oríire, ẹ̀yin ará LIGO!

Àwọn mìíràn tó yẹ ká kí pọ̀ rẹpẹtẹ. John Kerr ti Glasgow, ẹni tó rí i ní 1876 pé ìmọ́lẹ̀ tó ta lára òòfà dídán náà máa ń yíjú, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ orin lórí MiniDisc tí Sony gbé jáde ní 1992, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ gbọ́. Àwọn tó fi òòfà àti lésà jọ mú átọ́ọ̀mù dúró lójú kan láti 1987 wá, tí wọ́n mú un tutù títí tí ayé kò fi ní ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ kú ọgbọ́n orí! Ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2018, àwọn onímọ̀ fi àṣíborí kan hàn tí ìmọ́lẹ̀ lésà àti oru rùbídíọ̀mù inú rẹ̀ ń gbọ́ òòfà wẹ́wẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe. Ẹni tó dé e ń mu tíì, ó ń fi pátákó ta bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ sì ń ka iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ọmọdé tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ti rí ìtura nìyẹn.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti ibà. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìkan ló ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà ayé, ta ni kò mọ̀ bó ṣe ń ṣe wá? Kòkòrò ibà máa ń jẹ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é dà. Ó wá sọ irin náà di kírísítálì wẹ́wẹ́. Òòfà mọ irin! Tí wọ́n bá gbé òòfà sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn kírísítálì wẹ́wẹ́ yẹn á kọjú sí ìhà kan náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á sì yí padà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní kòkòrò kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Họ́ńgárì àti ní Amẹ́ríkà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ọgbọ́n yìí wá ibà, wọ́n sì ti gbé e jáde kúrò ní yàrá ìwádìí lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Láti ègé gíláàsì olójé kan ní London títí dé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ibà ń ṣe: ẹ wo ibi tí ìyíjú ìmọ́lẹ̀ rìn dé!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ kírísítálì fún lésà, ẹ̀yin tí ẹ ń tún okùn abẹ́ òkun ṣe ní Èkó, ní Lomé àti ní Cotonou, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi òòfà àti ìṣó kékeré kọ́ ọmọ ní kíláàsì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè sí ọ̀gá yín bí William Thomson ṣe kọ ọ́, àwa elégbè yín kí yín kú oríire, a kí yín kú ìfaradà, a kí yín kú ọgọ́sàn-án ọdún! Ní ọdún 2045, ó máa pé igba ọdún. Ẹ̀mí wa á gùn tó o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lónìí ti máa fi òòfà ṣeré, nítorí àwọn ni yóò jẹ́ olóòtú ayẹyẹ náà, iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn ni a óò sì máa kà níbẹ̀!